Ìlù tó ti wà nínú síídì yẹn látọjọ́ yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn, ooru mú gan-an lóṣù tó kọjá, gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù tó wà láàárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kútọnu lórílẹ̀-èdè Benin wa níbí ló fẹ́ẹ̀ máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń pè mí láàárọ̀ wọ́n ń pè mí lóru, iṣẹ́ mi sì nìyẹn, mi ò lè máa ráhùn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nílé mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, torí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí mi kì í fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́, tí mo bá ti wẹ̀ tán tí mo jẹun tán, pálọ̀ ni, orí àga kan ṣoṣo ni, mo sì ti bẹ gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sún àga yẹn kúrò níbi tó wà.

Sípíkà mi ti dé. Báfùlù là ń pè é láàárín ara wa níbí, àwọn èèyàn wa lápá Èkó ló máa ń pè é ní sípíkà, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní sípíkà kó lè yé gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ní 2021 mo lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe nílé bàbá kan ní Kútọnu. Mo wà lórí àkàbà, mò ń fọ fílítà, mo ṣáà ń gbọ́ tí obìnrin kan ń kọrin ní yàrá kejì, jẹ́jẹ́ ló ń kọ ọ́, mo ń gbọ́ ìgbà tó ń fa èémí kó tó bọ́ sí ìlà tó kàn, mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ bàbá yìí mà mọ orin kọ o. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo lọ bèèrè omi, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Àpótí méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ irin, wọn ò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, àga bàbá náà wà níwájú wọn, ó di ojú, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wọlé. Ohùn obìnrin yẹn kò sì ti inú àpótí kankan jáde, àárín méjèèjì ló ti ń wá, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri. Mo dúró síbẹ̀ títí omi fi gbóná lọ́wọ́ mi. Bàbá yẹn la ojú, wọ́n wò mí, wọ́n ní jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá àjọ. Ọdún mẹ́ta gbáko. Mi ò ní sọ iye owó ẹ̀ síbí, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà tó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Focal tó ń ṣe sípíkà tí mo fẹ́ sì wà lápá Saint-Étienne, kò jìnnà síbi tí ẹ̀gbọ́n mi wà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacques Mahul ló dá a sílẹ̀ ní 1979. Aria 906 ni orúkọ tèmi. Àwọn tó tóbi jù ú lọ wà, àwọn tó ga tó èèyàn wà, ṣùgbọ́n pálọ̀ mi kì í ṣe gbọ̀ngàn, mo sì mọ̀ pé àpótí ńlá nínú yàrá kékeré wàhálà lásán ni.

Nǹkan tó jẹ́ kí n yan ti Focal yìí gan-an, ẹ gbọ́, ojú sípíkà ẹ̀ tó tóbi, èyí tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín jáde, ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gbọ̀ kan náà tí wọ́n ń fi hun aṣọ ọ̀gbọ̀ tí à ń gbọ́ nínú Bíbélì. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń gbin ọ̀gbọ̀ jù láyé, wọ́n wá mú òwú ẹ̀, wọ́n fi sáàárín fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni fi nǹkan sáàárín búrẹ́dì. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ́ ní kí ló kàn mí nípa ọ̀gbọ̀. Ó kàn mí gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ sípíkà wà.

Sípíkà kò le láti mọ̀. Wáyà tí wọ́n ká bí òrùka wà lẹ́yìn ojú ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, tí iná orin bá gba inú wáyà yẹn kọjá, mágínẹ́ẹ̀tì á máa tì í síwájú á máa fà á sẹ́yìn, ojú sípíkà á máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á wá bá wa létí. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Rice àti Kellogg, ló gbé irú èyí jáde ní 1925, títí dòní ọ̀nà yẹn náà la ṣì ń tọ̀. Iṣẹ́ tó le ni kéèyàn rí nǹkan tó fúyẹ́, tó le, tí kò sì ní ohùn tirẹ̀. Ẹ wo awọ ìlù, ẹran tí wọ́n bó, tí wọ́n fà gbọnrangandan, awọ ìlù gbọ́dọ̀ ní ohùn tirẹ̀, ìdí tí a fi fà á nìyẹn. Awọ sípíkà kò gbọ́dọ̀ ní. Tí ó bá ní ohùn tirẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo orin tí ẹ bá gbé sí i ló máa fi ohùn yẹn kọ, Fújì ni o, kéú ni o, ìròyìn ni o. Ọ̀gbọ̀ fúyẹ́, kì í sì í dún nígbà tí kò yẹ kó dún.

Ó tó oṣù méjì kí ẹrù tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, inú ọkọ̀ tokunbọ̀ kan ni wọ́n kó o sí pẹ̀lú àwọn mátírẹ́ẹ̀sì àti fíríìjì àwọn ẹlòmíì. Nígbà tí mo rí i pé igun páálí kan ti wọlé, àyà mi já. Mi ò lè wà á lọ sílé pẹ̀lú ìdààmú yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ ni mo ti tú u, fóòmù tí wọ́n fi yí i ká ti gba gbogbo rẹ̀ sára, àpótí inú kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo ṣe alihamdulilahi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dì í padà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn mí. Mo gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, mo fi ẹ̀yìn wọn ti ògiri, mo so wáyà, mo tan orin, ó kàn ń ṣe bùù bùù bùù ni, béèsì ti gba gbogbo ilé kan, páànù orí ilé ń gbọ̀n, gíláàsì ojú fèrèsé ń dún jìngìn jìngìn, bí ẹni pé ẹnì kan ń mi àpò owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó lọ sùn. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń rò ó pé ṣé ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta dá àjọ fún rèé.

Àṣé yàrá ni. Mo pe bàbá Kútọnu yẹn lọ́jọ́ kejì (a ti di ẹbí báyìí), wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní sípíkà tí o rà ìdajì ni, ìdajì tó kù yàrá rẹ ni. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ọmọ èèyàn lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ìgbà 20 títí dé 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà yẹn. Èyí tó ń gbọ̀n ìgbà 20, ìgbì ẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju mítà 17 lọ, ó gùn ju ilé mi lọ, èyí tó wà lókè téńté kò ju bí èékánná ọwọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ládùúgbò kejì kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń lù níbi ìnáwó, gbìn gbìn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ohùn ìsàlẹ̀ kò mọ ògiri, ohùn òkè ni kọ́tìnnì lásán lè dá dúró. Pálọ̀ mi wá jẹ́ mítà 5 ní gígùn. Ohùn tó bá ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 69, mítà 5 géérégé ni ìgbì ẹ̀, ó ti rí ilé tó bá a mu nìyẹn, á máa lọ á máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì, kò ní kú bọ̀rọ̀, á sì bo ohun tó bá tẹ̀lé e mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá wá fi ẹ̀yìn sípíkà ti ògiri, tàbí ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, ńṣe lẹ tún fún un lágbára sí i.

Mo wá dìde. Mo gbé wọn kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Káfíńtà àdúgbò wa bá mi fi igi tíìkì ṣe ìjókòó méjì tó wúwo, mo ní kó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí mo bá jókòó, sípíkà kékeré tó ń mú ohùn òkè jáde á wà lójú etí mi gan-an. Mo fà wọ́n síwájú, 70 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri, mo fi mítà 2.2 sáàárín wọn, mo gbé àga mi sí mítà 2.2 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́ta ló ní bí àdógán. Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ ni mo gé tínínrín tínínrín, mo fi há gbogbo gíláàsì fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan odidi ni mo fi ṣe é. Mo gun òrùlé, mo tẹ ìṣó páànù tó ti tú sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti ẹní méjì wà nílẹ̀ báyìí láàárín èmi àtàwọn sípíkà, kọ́tìnnì tó nípọn, èyí tí ìyàwó mi rán, wà lẹ́yìn àga mi. Gbogbo ìyẹn kò ná mi tó owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní owó sípíkà tuntun, kó kọ́kọ́ lọ fa èyí tó ní kúrò lára ògiri, kó sì tẹ́ ẹní sílẹ̀, á rí ìyàtọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bi mí pé wáàtì mélòó ni. Wọ́n ti mọ́ wa lára, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ lọ síbi òkú àti ìkómọ níbí, wáàtì ni wọ́n fi ń yangàn, wọ́n á to àpótí lórí ara wọn títí yóò fi ga ju ilé lọ. Ìta gbangba ni tiwọn, iṣẹ́ wọn sì ni, wọ́n ń ṣe é dáadáa. Nínú ilé ọ̀tọ̀ ni. Áńpílì mi, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, kò ju wáàtì 40 lọ. Tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lẹ máa rí lé e (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó), kí etí tó gbà pé orin ti dún tó ìlọ́po méjì ẹ nílò wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà yìí ń fúnni ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 89.5 ní mítà kan pẹ̀lú iná tí kò ju nǹkan bíi wáàtì kan lọ, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohùn ẹni tó ń pariwo. Wáàtì méjì mẹ́ta ni mò ń lò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni iná ilé, torí áńpílì tí mo ní tẹ́lẹ̀, iná ló lọ tó tún dé pẹ̀lú ipá lóru ọjọ́ kan, ó jó o gbinrin, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún mi. Sitabiláísà ni mo kọ́kọ́ rà báyìí kí n tó so ohunkóhun mọ́ ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Ó yá, orin.

Ohun àkọ́kọ́ tí sípíkà gidi máa ń ṣe fún èèyàn, ó máa tú àṣírí àwọn orin tó wà lórí fóònù ẹ. Àwọn orin tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, tí ẹnì kan ti gé látorí fídíò, tí ẹlòmíì tún gé látara ìyẹn, mo gbé wọn sí i, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ọ̀rá tí wọ́n ń fún lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ ohun tó pọ̀ kúrò nínú orin yẹn kó lè kéré. Síídì lásán, síídì àtijọ́ tí gbogbo èèyàn ti ń jù nù, ìgbà 44,100 ló ń wọn orin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí kéèyàn tó lè mú ohùn tó ń gbọ̀n ìgbà 20,000 ó gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Mo ti gbé ẹ̀rọ síídì bàbá mi tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo nu eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan kúrò lára ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá rí síídì tí wọ́n ń tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jà Wàǹdó, ẹ má kọjá lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi síídì Poly-Rythmo sínú páálí náà fún mi, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní Jámánì. Ẹ̀yin ọmọdé lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ orin yẹn, Clément Mélomé ló dá a sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1968, ọ̀pọ̀ àwo wọn, Àjàṣẹ́ wa níbí ló sì ti jáde, ọwọ́ Albarika Store, ilé àwo Seidou Adissa. Bàbá mi máa ń ra àwo lọ́dọ̀ wọn. Mo ka inú ìwé pélébé tó wà nínú síídì, mo wá mọ̀ pé àwọn orin kan, inú ilé èèyàn lásán ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ Nagra tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland, maikírófóònù kan tàbí méjì péré fún gbogbo ẹgbẹ́, àwọn tí wọ́n ṣe fún Albarika ni wọ́n máa ń lọ gbà sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI l'Ékòó. Tẹ́lẹ̀, ìkan náà ni gbogbo ẹ̀ jẹ́ létí mi. Lórí sípíkà yìí, háà! Ti Èkó fẹ̀, olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀, fèrè dúró síbìkan, gìtá dúró síbìkan. Ti inú ilé, gbogbo wọn há síbì kan náà, ẹni tó sún mọ́ maikírófóònù ń dún ju àwọn yòókù lọ, ẹ óò sì gbọ́ ilé yẹn fúnra ẹ̀, ẹ óò gbọ́ bí ohùn ṣe ń kan ògiri tó ń padà. Tí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, ti inú ilé ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Gbogbo èyí tí mo sọ yìí, kì í ṣe òun gan-an ló gbé mi dìde láti kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Ìyá mi dé láti Kétu ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n wá yẹ ojú wò nílé ìwòsàn. Ọmọ Kétu pọ́ńbélé ni wọ́n, wọ́n ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, bàbá tó bí wọn lọ́mọ mọ ìlù lù dáadáa. Lẹ́yìn iṣáì, wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú mi, mo gbé wọn sórí àga yẹn gan-an, èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, mo fi síídì àpàlà kan sí i, èyí tí mo ti ní fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Mo mọ orin yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ẹ mọ̀ pé àpàlà àtijọ́ kì í ní gìtá, ìlù ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, agídìgbo, àti ẹnu. Agídìgbo yẹn nìkan, bó ṣe ń jáde, mo lè sọ fún yín pé mò ń gbọ́ àtàǹpàkò tó ń fi ahọ́n irin sílẹ̀ àti pátákó tó ń dáhùn lábẹ́ ẹ̀.

A gbọ́ ọ dé àárín. Akọrin sinmi díẹ̀, ìlù gángan wọlé. Ìyá mi bá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Àkànní, dá a padà."

Mo dá a padà.

Wọ́n ní, "O gbọ́ ohun tó wí?"

Mo ní, "Màámi, ta ni?"

Wọ́n ní, "Onílù ni! Ó ní 'Má sáré, ọ̀nà jìn.' Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tẹ́tí sílẹ̀, ó wà níbẹ̀ gbangba, ohùn òkè mẹ́ta, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta, má-sá-ré, ọ̀-nà-jìn, ó tún ṣe é, lẹ́yìn náà ó fa ohùn ìsàlẹ̀ yẹn wálẹ̀ díẹ̀ sí i bí ẹni tó ń mi orí. Mo sáré wọ yàrá, mo gbé rédíò kékeré tí mo fi ń gbọ́ ọ láti gbogbo ọdún yìí wá, mo fi síídì yẹn sí i. Ohùn òkè mẹ́ta wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀, gbì gbì gbì, béèsì ti gbé wọn mì. Mo ti ń gbọ́ "má sáré" láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, torí mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó ṣe pàtàkì sí mi. Ọṣán tó wà lára gángan ni onílù ń fi apá tẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, awọ á le, ohùn á lọ sókè, tó bá tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ìlù kò ní ẹnu tó máa fi pe a tàbí e, kò ní b, kò ní d, àmì ohùn ọ̀rọ̀ wa nìkan ló ní, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, òun náà ló fi ń sọ gbogbo ohun tó ń sọ. Tí sípíkà bá wá rọ́ béèsì lé ohùn ìsàlẹ̀ lórí, tí ẹ ò mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan mú ìwé Yorùbá tó pa gbogbo àmì orí rẹ̀ rẹ́, tó ní kí ẹ sọ bóyá ọkọ ni àbí ọkọ́ àbí ọkọ̀. Fún ẹni tó ń gbọ́ orin òyìnbó, béèsì tó pọ̀ jù kàn jẹ́ ohun tí kò dùn mọ́ etí ni. Fún àwa, ọ̀rọ̀ ló ń sọnù.

Ọmọbìnrin mi kékeré tó ti yẹ kó ti sùn ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá àgbà, èmi gbọ́ ọ, ó ní 'Kí ló dé? Àkàrà!'"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò bá a wí, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n ní o ò jẹ̀bi, òkè mẹ́ta ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni tìrẹ náà. Wọ́n ní bí ìlù ṣe rí nìyẹn, kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀, o gbọ́dọ̀ mọ orin tí akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, akọrin yìí ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń rìnrìn àjò, ó ń kánjú torí owó, onílù ni ó dáhùn. Wọ́n ní kí n dá gbogbo orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A jókòó, àwa mẹ́ta, ìyá mi ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà tí onílù ti ń ki ẹnì kan, wọ́n mọ̀ pé oríkì ni, wọn ò mọ ti ta ni. Ibì kan wà tí wọ́n dákẹ́, wọ́n ní ibí yìí onílù ń ṣeré lásán, kò sọ nǹkan kan. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín ìlù tó ń sọ̀rọ̀ àti ìlù tó ń ṣeré. Ọmọ Yorùbá ni mí, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ Gùn, mo gbọ́ Faransé, mo kàwé, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Aago kan òru la tó sùn.

Mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń yẹ sípíkà wò, dùùrù àti fayolíìnì ni wọ́n fi ń dán an wò, ó dára, ohun tí etí wọn mọ̀ nìyẹn. Àwa ní tiwa lẹ́nu ọ̀nà. Àjàrá tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù, ẹ ò ní rin ìrìn ìdajì wákàtí lórí zẹ́m, ọ̀kadà wa níbí, kí ẹ tó débẹ̀. Kò sí ọjọ́ Sátidé tí ìlù kì í kọjá ládùúgbò mi, òkú ni o, ìyàwó ni o. Etí wa mọ bí ìlù ṣe ń dún nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan láàárín. Tí ẹ bá fẹ́ ra sípíkà, kékeré tàbí ńlá, ẹ mú orin tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lọ, ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ẹ bi wọ́n pé kí ni onílù wí. Tí wọ́n bá lè sọ ọ́, ẹ sanwó.

Ìyàwó mi náà ti ń lo àga mi o, ìyẹn mo gbọ́dọ̀ sọ. Láàárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi Kùránì sí i, jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun àti ife tíì rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ibi tí ẹni tó ń ké e ti ń mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kútọnu lọ́jọ́ kìíní gan-an nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ fún un rí.

Ìyá mi ti padà sí Kétu ní àná. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, wọ́n bi mí nípa àwọn àwo ńlá bàbá mi, àwọn tó wà nínú àpótí lókè kọ́bọ́ọ̀dù, sákárà wà nínú ẹ̀, àpàlà wà nínú ẹ̀, wọ́n ní ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ dájú pé onílù ń bú ẹnì kan nínú rẹ̀, bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀ àmọ́ kò sọ fún wọn rárá pé ta ni. Ẹ̀rọ tó ń lu àwo yẹn ṣì wà, ó ń yí, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló ti kú. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí mo ti lè rí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo rà, ní Àjàṣẹ́ o, ní Kútọnu o, kódà kó jẹ́ Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Ìyá mi ní tí mo bá ti rí i kí n fóònù àwọn, àwọn á tún wọkọ̀ padà wá.